Oògùn apakoríko: Ohun tí à ń fọ́n sí ojú ọ̀nà ilé ń ṣàn lọ sí ìdí kànga

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa nílẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ kan wà tó máa ń dé bá gbogbo onílé, ì báà jẹ́ olówó tó fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ gbogbo ọgbà rẹ̀, ì báà sì jẹ́ ẹni tó kọ́ yàrá méjì sí etí ìlú tí kò tíì rówó rẹ́ ara ògiri. Koríko ni. Yóò hù lẹ́bàá ògiri, yóò gba àárín òkúta íńtálọ́ọ̀kì yọ orí jáde, yóò sì dí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Láyé àwọn bàbá wa, àdá àti ọkọ́ ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Lóde òní, ike oògùn ni. Ọmọkùnrin kan yóò gbé ẹ̀rọ ìfọ́noògùn kọ́ ẹ̀yìn, yóò máa fi ọwọ́ kan fà á sókè sódò, yóò sì máa fi ọwọ́ kejì fọ́n oògùn láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Kó tó di ọjọ́ kẹta, gbogbo ewé ti rọ, wọ́n ti gbẹ bí ẹni pé iná jó wọn. Onílé yóò dúpẹ́, yóò sanwó, yóò gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ wa kì í bi ara wa ni pé, nígbà tí koríko kú tán, níbo ni oògùn náà gbà lọ? Ewé kì í mu gbogbo rẹ̀. Òjò yóò rọ̀, yóò fọ èyí tó kù lórí sìmẹ́ǹtì àti lórí ilẹ̀, yóò sì wọ́ ọ lọ síbi tí ilẹ̀ bá ti rẹlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, ní Abẹ́òkúta, ní Àkúrẹ́ àti ní àwọn àdúgbò etí ìlú Èkó, kànga tí a ń mu, tí a fi ń sebẹ̀, inú ọgbà kan náà ló wà pẹ̀lú ojú ọ̀nà tí a fọ́n oògùn sí. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Omi lásán ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà náà o, kì í ṣe èyí tí a ti po oògùn mọ́.

Kì í ṣe láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni la ṣe gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sójú ìwé. Òfin ti yí padà lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ìyípadà náà kò tíì dé etí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì dé etí àwọn tó ń pè wọ́n wá síṣẹ́. Ní 2020, àjọ NAFDAC, èyí tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de kíkó Paraquat wọlé nínú ike lítà kan tàbí èyí tó kéré sí i. Nígbà tó di ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, òfin náà gbòòrò sí i: wọn kò fẹ́ Paraquat mọ́ rárá, ì báà wà nínú ike kékeré, ì báà wà nínú gálọ́ọ̀nù ńlá. Àjọ náà tún kéde pé oògùn apakoríko mìíràn, Atrazine, yóò tẹ̀lé e ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè ló wà nípò ọ̀gá àgbà àjọ náà nígbà tí gbogbo ìkéde wọ̀nyí wáyé.

Nínú ariwo tó tẹ̀lé ìkéde náà, ọ̀rọ̀ oko ló gba iwájú. Kí ni àgbẹ̀ alágbàdo yóò ṣe? Kí ni olóko kòkó yóò lò? Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n onílé kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé ìtajà kan náà ni onílé àti àgbẹ̀ ti ń ra oògùn, ike kan náà ni wọ́n sì ń gbé bọ̀. Kò sí ẹni tó ń pe ọ̀gá àgbẹ̀ wá kọ́ onílé bí wọ́n ṣe ń po ó. Àgbẹ̀ tiẹ̀ sàn, nítorí pé ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, oko rẹ̀ sì jìnnà sí ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ẹnu ọ̀nà ilé kọ́ ni wọ́n ṣe oògùn alágbára yẹn fún.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ. Orúkọ Paraquat kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Gramoxone ni wọ́n mọ̀, tàbí Paraforce. Ilé iṣẹ́ ICI ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ gbé Gramoxone jáde fún títà ní 1962. Ohun tó fi jẹ́ ààyò ni pé kì í pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló máa ń ràn án lọ́wọ́: bó bá ti bà lé ewé, tí oòrùn sì ràn, inú ewé yóò fọ́ yángá, yóò gbẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Àwa sì rèé, oògùn tó bá jẹ́ lójú ẹsẹ̀ la máa ń pè ní oògùn gidi. Àmọ́ ewé nìkan ni Paraquat ń jó, kì í dé ìdí. Koríko bí ẹ̀kan, tó jẹ́ pé abẹ́ ilẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà, yóò tún yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn yóò sì tún pe ọmọkùnrin ẹlẹ́rọ padà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń fọ́n ọn lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín òjò kan.

Ti ara èèyàn ló wá burú jù. Bí Paraquat bá wọ inú ènìyàn, ìwọ̀nba díẹ̀ bí ẹnu kan péré, ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín ló ń bá jà, kò sì sí oògùn kankan táwọn dókítà lè fi pa agbára rẹ̀. Ìdí rèé tí àwọn tó ń ṣe é fi po aró mọ́ ọn, tí wọ́n fi òórùn burúkú sí i, tí wọ́n sì fi èyí tó ń mú ènìyàn bì sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì mu ún. Kóòtù àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù fagi lé ìwé àṣẹ rẹ̀ ní oṣù keje, ọdún 2007. Nígbà tí Kòríà ti Gúúsù dá títà rẹ̀ dúró ní 2012, iye àwọn tí oògùn oko ń ṣekú pa lọ́dọ̀ wọn já wálẹ̀ gan-an, àwọn olùwádìí ò sì rí i pé ìkórè oko wọn dínkù tìtorí rẹ̀. Nítorí náà, bí NAFDAC ṣe lé e lọ, ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe, àwa kò sì ní ṣe ojúsàájú lórí èyí.

Ṣùgbọ́n òfin 2020 yẹn ní ohun kan nínú tó yẹ ká fi ojú inú wò. Ta ló nílò ike kékeré? Kì í ṣe olóko ńlá. Ẹni tó ní ojú ọ̀nà kan àti ẹ̀yìnkùlé kan ló nílò rẹ̀. Bí ike kékeré kò bá sí lórí àtẹ mọ́, tó sì jẹ́ pé ẹni náà kò ní lè lo gálọ́ọ̀nù kan tán láàárín ọdún mẹ́ta, ẹ̀rù tó ń bà wá ni pé yóò ní kí òǹtajà bu díẹ̀ fún òun. Inú kí ni wọn yóò bù ú sí? Inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, inú ike omi, inú ohunkóhun tó bá wà nítòsí. Kò ní sí àkọlé lára rẹ̀, kò ní sí àwòrán orí òkú tó máa ń kìlọ̀. Aró tí wọ́n pò mọ́ ọn kí èèyàn lè sá fún un yóò wá dàbí àwọ̀ ohun mímu lójú ọmọdé. A mọ̀ pé ohun tí òfin fẹ́ ni kí oògùn náà jìnnà sí inú ilé, òun gan-an ló sì yẹ kó tì í jìnnà. Bí wọ́n bá ti ń bù ú tà, inú ilé ló padà sí, láìní orúkọ. Ìgbà tí òfin 2024 sì ti dé, èyí tó kù nínú ilé ìtajà àti nínú yàrá àwọn àgbẹ̀ kò ṣàdédé pòórá. Ó wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì ń tajà tí ìjọba kò fẹ́ kì í tà á nínú ike tó ní àkọlé.

Èyí tó ti gba ipò Paraquat lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni Glyphosate. Round Up ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n láti 1974 tí ilé iṣẹ́ Monsanto ti Amẹ́ríkà ti gbé e jáde. Force Up náà gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìṣe rẹ̀ yàtọ̀. Kì í jó ewé lójú ẹsẹ̀. Ewé ló ń fà á mu, yóò gbé e lọ sí ìdí, yóò sì dí ọ̀nà tí koríko fi ń pèsè oúnjẹ ara rẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó hàn, ṣùgbọ́n ó ń pa ti ìdí mọ́ ti òkè. Bí òjò bá rọ̀ lé e lórí láàárín wákàtí mélòó kan, owó ti wọ gbó, oògùn sì ti wọ gọ́tà. Èyí ló ń fà á tí àwọn tí kò ní sùúrù fi ń po ó ní ìlọ́po méjì, tí wọ́n ń fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n, kìkì kó lè yá. Kò ní yá. Púpọ̀ rẹ̀ kì í mú kí ewé tètè gbé e dé ìdí.

Ǹjẹ́ Glyphosate léwu? Ìjà ńlá ló wà lórí èyí, kò sì dára kí òǹkàwé wa gbọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹta, ọdún 2015, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Àjọ EPA ti Amẹ́ríkà ní tiwọn sọ pé àwọn kò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kóòtù kan lọ́hùn-ún wọ́gi lé apá ìpinnu wọn tó jẹ mọ́ ìlera ènìyàn ní oṣù kẹfà, ọdún 2022. Ilẹ̀ Yúróòpù gbé e yẹ̀ wò ní oṣù kọkànlá, ọdún 2023, wọ́n sì fún un ní ìwé àṣẹ ọdún mẹ́wàá sí i. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ náà ti parí, ó ń parọ́.

Èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Dewayne Johnson. Kì í ṣe àgbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tọ́jú ọgbà àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Kalifóníà, kó máa fọ́n oògùn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àti etí pápá, irú iṣẹ́ tí ọmọkùnrin ẹlẹ́rọ tiwa ń ṣe gan-an. Ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń kọlu àwọn kókó ara. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 2018, àwọn ará ìlú tí wọ́n jókòó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní San Francisco dá Monsanto lẹ́bi, wọ́n ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 289 dọ́là fún un. Adájọ́ dín in kù sí mílíọ̀nù 78, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn sì tún dín in kù sí mílíọ̀nù 20 àti àbọ̀ ní 2020. Àwọn ará Jámánì, ilé iṣẹ́ Bayer, tí wọ́n ra Monsanto lọ́dún 2018 yẹn gan-an, ló jogún ẹjọ́ náà pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn. Wọn kò gbà rí pé oògùn àwọn ló fà á.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí àwọn ọmọ wa tó ń gbé Amẹ́ríkà fetí sí, pàápàá àwọn tó máa ń kó ẹrù wálé lọ́dún Kérésì. Bayer kéde ní 2021 pé láti 2023, àwọn kò ní fi Glyphosate sínú Roundup tí àwọn ń tà fún onílé ní Amẹ́ríkà mọ́. Orúkọ tó wà lára ike kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ti yàtọ̀. Nínú àwọn kan lára tuntun yìí ni a ti rí Diquat, tí í ṣe ìbátan Paraquat. Ẹni tó bá ń wo orúkọ òkè ike nìkan, kò mọ ohun tó rà. Lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú oògùn náà, ni kó máa kà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ojú ọ̀nà, nítorí pé ojú ọ̀nà kì í ṣe oko. Nínú oko, amọ̀ àti ilẹ̀dú máa ń di oògùn mú, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí nínú ilẹ̀ yóò sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Lórí sìmẹ́ǹtì, kò sí amọ̀, kò sí kòkòrò. Òjò àkọ́rọ̀ tó bá tẹ̀lé e ló ń kó o lọ. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí èyí láti ìgbà pípẹ́: ní 1993, wọ́n dá lílo Atrazine àti ìbátan rẹ̀, Simazine, dúró níbi gbogbo tí kì í ṣe oko, ìyẹn ojú ọ̀nà, ojú irin àti ọgbà, nítorí pé ó ń wọ inú omi. Yúróòpù lápapọ̀ tún wá lé Atrazine lọ pátápátá ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Kì í ṣe gbogbo oògùn ló ń rìn bákan náà. Paraquat máa ń lẹ̀ mọ́ amọ̀ gan-an, kì í tètè wọlẹ̀. Atrazine ló ń rìn jù. Yóò gba inú ilẹ̀ kọjá, yóò dé ibi tí omi kànga wà, yóò sì pẹ́ níbẹ̀. Ojú kò ní rí i, ahọ́n kò sì ní tọ́ ọ wò. Bí ó ti ṣe jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń yẹ kànga wa wò fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú àgbàlá, òfin NAFDAC lórí Atrazine yìí ló kan onílé jù lọ, òun sì ni a kì í gbọ́ lẹ́nu onílé rárá.

Àwọn kan yóò wá sọ pé, ṣé bẹ́ẹ̀ ni, a ó kúkú máa lo ohun tó wà nílé. Èyí gan-an ló kan àyà wa tí a fi ń kọ̀wé yìí, nítorí pé àwọn èèyàn rò pé ohun tí a bá fọwọ́ ara wa pò kò lè pa wá lára. Ẹ wo ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ti yọ kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Ó wọ́pọ̀ kí àwọn onílé gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n dà á sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ní ó ń pa koríko, ó ń lé ejò, ó ń lé ikán. Ó ń pa koríko lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òjé àti ìyókù ìdọ̀tí irin tó ti yọ́ sínú rẹ̀ kì í jẹrà bí ewé. Níbi tí wọ́n bá dà á sí, ilẹ̀ náà lè wà láìwúlò fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó bá sì dé omi, díẹ̀ rẹ̀ ti tó láti ba púpọ̀ jẹ́. Bí ẹ bá ní ká fi Glyphosate tí a po dáadáa wé ọ́ìlì dúdú lẹ́bàá kànga, ọ́ìlì dúdú la ó kọ́kọ́ sá fún.

Iyọ̀ náà nìyẹn. Iyọ̀ kì í ṣe oògùn, oúnjẹ ni, nítorí náà ọkàn èèyàn máa ń balẹ̀ lórí rẹ̀. Àmọ́ kì í jẹrà láéláé. Ó wà nínú ilẹ̀ títí omi yóò fi gbé e lọ sí ibòmíràn, ibi tó bá sì gbé e lọ ni yóò ti pa ohun tó bá bá níbẹ̀, ì báà jẹ́ ewédú tí ìyá gbìn tàbí igi ọsàn aládùúgbò. Lójú ọ̀nà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dà, irin tó wà nínú rẹ̀ ni iyọ̀ yóò máa jẹ.

Fínígà ni àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ràn jù, wọ́n á po ó mọ́ iyọ̀ àti ọṣẹ àwo. Èyí tó wà nínú ilé ìdáná kò ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní kíkan. Ó lè jó koríko kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n èyí tó ti gbọ́ńdò yóò rú padà. Èyí tí wọ́n ń tà fún ọgbà ní Amẹ́ríkà, tó tó ìdá ogún, ojú ènìyàn ló lè fọ́ bó bá ta sí i. Kí ẹnikẹ́ni má sì po fínígà mọ́ bílíìṣì ìfọṣọ láéláé, nítorí pé afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ kò fọwọ́ sí i pé kí onílé po oògùn apakoríko fúnra rẹ̀. Èyí tí ìjọba bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ni wọ́n ní kí ó lò.

Ti wa tún ni omi gbágùúdá. Gbogbo ẹni tó bá ti dé ibi tí àwọn ìyá ti ń ṣe gààrí rí mọ̀ pé ibi tí omi tí wọ́n fún jáde lára ẹ̀gẹ́ bá ń ṣàn gbà, kì í sí koríko níbẹ̀. Oró sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ àti kíkan rẹ̀ ló ń ṣe é. Àwọn kan ń gbé e sínú korobá lọ dà sójú ọ̀nà. Ọgbọ́n ni o, kò sì náni lówó, àmọ́ ewúrẹ́ tó bá mu nínú rẹ̀ kò ní lọ jìnnà, ìdí kànga náà kì í sì í ṣe ibi tó yẹ kí ó gbà kọjá.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé lórí koríko ojú ọ̀nà kì í rántí, nítorí pé kò kàn wọ́n. Kì í ṣe gbogbo ohun tó hù lẹ́nu ọ̀nà wa ló jẹ́ koríko. Ẹ̀bòlò ń hù níbẹ̀, tẹ̀tẹ̀ ń hù níbẹ̀, èyí tí ìyá àgbà lè já sínú ọbẹ̀ nírọ̀lẹ́ láìbi ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn olóbe tó fẹ́ràn láti máa yọ láàárín òkúta, imí eṣú tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ewé àgbo ni wọ́n. Àwọn tó ń já ewé tà lọ́jà kì í ṣe inú igbó jíjìn nìkan ni wọ́n ń lọ. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà ni wọ́n ń gbà kọjá. Ewé tí wọ́n fọ́n Glyphosate sí láàárọ̀ yóò ṣì tutù yọ̀yọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, kò ní sí àmì kankan lára rẹ̀. Ẹni tó já a kò mọ̀. Ẹni tó fi se àgbo fún ọmọ kò mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tí kò ní sìmẹ́ǹtì, tó jẹ́ pé gbòǹgbò koríko ló ń di yẹ̀pẹ̀ mú, bí a bá pa gbogbo rẹ̀ títí dé ìdí, òjò ńlá mẹ́ta péré ti tó láti là á sí méjì. Ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà tó ti di kòtò lónìí, tí mọ́tò kò lè gbà mọ́, a máa ń dá ìjọba lẹ́bi pé kò ṣe gọ́tà. Ìjọba jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà dáadáa, ẹ ó rí i pé kò sí ewé tútù kan lórí rẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀rọ̀ onílé sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. Nílẹ̀ Faransé, láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2017, wọ́n ní kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ má ṣe lo oògùn kẹ́míkà sí òpópónà àti ọgbà ìgbafẹ́ mọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, òfin náà kan onílé pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ àgbẹ̀ wọn ṣì ń lò ó. Ní Tógò, tí kò jìnnà sí wa, ìjọba fòfin de Glyphosate pátápátá ní oṣù kejìlá, ọdún 2019. Ní Nàìjíríà, a ti lé Paraquat lọ, Glyphosate ṣì wà. A kò sọ pé kí wọ́n fòfin dè é fún àgbẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ọkọ́ ro oko ẹ̀kan sáàárín oòrùn ni yóò mọ ohun tó ń béèrè. Ohun tí a ń sọ ni pé ojú ọ̀nà tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá kò tó ohun tí à ń fi oògùn oko bá jà.

Omi gbígbóná láti inú ìkòkò, bí wọ́n bá dà á sáàárín íńtálọ́ọ̀kì, ó ń pa koríko kéékèèké, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀. Yóò gba kí a tún un ṣe, kí àwọn ọmọ sì jìnnà síbẹ̀ nígbà tí à ń dà á. Bí a bá fi ọ̀bẹ ha àárín òkúta náà, tí a fi iyanrìn tuntun dí i, koríko kò ní tètè rí ibi hù. Lórí ilẹ̀ lásán, ṣíṣán koríko mọ́lẹ̀ sàn ju pípa á lọ. Bí ẹ̀kan bá wá sọ pé òun kò ní kúrò, kí a ki fóòmù bọ inú Glyphosate díẹ̀ tí a ti po bí àkọlé ṣe wí, kí a fi ọ̀pá kan nà án, kí a fi ra ewé rẹ̀ ní ọjọ́ tí òjò kò ní rọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ewé ẹ̀kan nìkan ni yóò kàn, kì í ṣe gbogbo àgbàlá.

Ọ̀rọ̀ owó ni yóò kọ́kọ́ dé ẹnu òǹkàwé, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Alágbàṣe tó fi àdá ṣán koríko yóò gba owó ju ọmọkùnrin ẹlẹ́rọ lọ, yóò sì tún padà wá. Onílé tó ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́ta kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn ro ọgbà rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kó yẹ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ dá sí i, kì í ṣe NAFDAC nìkan. Láyé wọléwọlé, ìyá mi máa ń fi ọkọ́ ha ẹnu ọ̀nà wa mọ́ kí wọ́n tó dé, nítorí ẹ̀rù ìwé ìpè. Láti 1984 tí ìjọba ológun ti sọ ìmọ́tótó oṣooṣù di dandan, ilẹ̀ tó mọ́ fún wa ni ilẹ̀ tí koríko kò sí lórí rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó fagi lé ìgbélé wákàtí mẹ́ta náà ní oṣù kọkànlá, ọdún 2016, ṣùgbọ́n èrò yẹn kò kúrò lọ́kàn wa. Wọléwọlé lè wo gọ́tà, wo ilé ìyàgbẹ́, wo ẹ̀yìnkùlé. Ó lè béèrè ohun tó wà nínú ike tí wọ́n fi há ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú. Ó sì lè sọ ọ́ ní Yorùbá, nítorí pé èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù lára ìkìlọ̀ inú ike wọ̀nyí, ní lẹ́tà tí ẹni ogójì ọdún kò lè kà láìlo awò ojú.

Nínú òjò tó kọjá, mo dúró wo ọmọkùnrin kan tó ń fọ́n oògùn sí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé tí mo ń gbé. Kò wọ bàtà, kò bo imú, agolo mílíìkì ló fi wọn oògùn rẹ̀. Mo bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, ó ní ti koríko ni. Nígbà tó parí, ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ìdí kànga, ó fi korobá kànga fa omi, ó fọ inú ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó dà á sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì dá korobá padà sórí okùn rẹ̀.